Ojú Ta Ni Ẹ Ó Fi Wo Ilé Tí Ẹ Fẹ́ Rà ní Ìgànmú?

Ní ayé ìjọba àwọn Òyìnbó, kò sí ìyálé ilé kan ní Èkó tí kò mọ wolé-wolé. Bí ó bá ti yọ ní ìkòríta báyìí, pẹ̀lú ṣòkòtò kúkúrú rẹ̀ àti ìwé pélébé tí ó há mọ́ abíyá, ariwo a ti gba àdúgbò, àwọn ọmọdé a máa sáré da omi ìkòkò nù, àwọn àgbà a máa fi ìgbálẹ̀ ti ìdọ̀tí inú gọ́tà síwájú, nítorí pé ọkùnrin náà kì í béèrè lọ́wọ́ onílé bí ilé ti rí. Ojú ara rẹ̀ ni ó fi ń wò ó, láti ẹnu ọ̀nà títí dé sáláńgá, bí ó bá sì rí tanwíjí kan ṣoṣo nínú àmù, ilé ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ kù sí. A bẹ̀rù rẹ̀, a sì ń bú u lẹ́yìn. Síbẹ̀, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí pa ènìyàn ní Èkó láti 1924, fi hàn gbangba pé ilé tí a kò wò dáadáa lè di ibojì fún àwọn tí ń gbé inú rẹ̀. Nítorí àrùn yìí ni ìjọba fi dá ìgbìmọ̀ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe, ìgbìmọ̀ yìí kan náà ni ó sì wá wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó ní àwọn ọdún lẹ́yìn 1955, tí ó kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Súrùlérè, tí kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ sí Ìgànmú tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí.

Wolé-wolé ìjọba kò wá mọ́ bí ti àtijọ́, kò sì sí ìgbà kankan rí tí ó wá nítorí ẹni tí ó fẹ́ ra ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi owó tí ó ti ń kó jọ láti ìgbà èwe ra ilé ní Èkó lónìí, tí lọ́yà ti bá a wo ìwé, tí ejẹ́ńtì ti bá a dúnàádúrà, tí wòlíì tàbí ààfáà sì ti bá a gbàdúrà sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilé náà, ó ṣì ku ẹnì kan tí kò tíì pè, èyíinì ni ẹni tí yóò bá a wo ilé fúnra rẹ̀: ògiri, òrùlé, òpó, àti ohun tí ó wà lábẹ́ wọn. Ta ni ó yẹ kí ẹni náà jẹ́, àti ta ni kò gbọdọ̀ jẹ́? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó mú mi gbé kálámù.

Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, Èkó arómisá-lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀: àwọn àgbà tí ó kọ́kọ́ ki ìlú náà báyìí mọ irú ilẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ejẹ́ńtì ayé òde òní lọ. Ìgànmú wà láàrin Ìjọrà, Apápá àti Súrùlérè, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ sí ọ̀sà, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ àbàtà kí ilé-iṣẹ́ ọtí bíà tó tẹ̀dó síbẹ̀, tí ìgò Star àkọ́kọ́ fi jáde ní oṣù kẹfà 1949. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ fẹ́ kọ́ Gbọ̀ngàn Ìṣeré ńlá nì, èyí tí àwọn ará Bulgaria kọ́ ní àwòkọ irú rẹ̀ tí ó wà ní ìlú Varna lọ́dọ̀ wọn, tí a parí ní 1976 de àjọ̀dún FESTAC ti 1977, tí a sì ti ń fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè láti 2024, abúlé kan tí ń jẹ́ Olúwọlé ni ó wà lórí ilẹ̀ náà. Ní 1973 ni wọ́n ṣí àwọn ará abúlé náà nídìí, ọ̀pọ̀ wọn sì lọ tẹ̀dó sí Ìjọrà-Badia, nínú àbàtà mìíràn tí kò jìnnà. Bẹ́ẹ̀ sì ni a ti ń kún àbàtà ní Èkó: ẹni tí ó lówó a fi yanrìn kún un, ẹni tí kò ní tó bẹ́ẹ̀ a fi pàntí àti ìyẹ̀fun pákó kún un, a da erùpẹ̀ lé e, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a sì fi búlọ́ọ̀kù lé e lórí. Lẹ́yìn ogójì ọdún, ta ni ó tún mọ èyí tí ó wà lábẹ́ ilé ta? Ilé méjì lè fara ti ara wọn ní òpópónà kan náà, kí ọ̀kan dúró lórí yanrìn tí ó le, kí èkejì sì wà lórí pàntí tí ó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀ nínú omi, kí ọ̀dà àwọn méjèèjì sì máa tàn bákan náà.

Gbogbo aláǹgbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Láti ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án 2023, tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Marina gba ẹ̀gbẹ́ Gbọ̀ngàn náà àti Orílé dé Máìlì Kejì, kò sí ejẹ́ńtì tí yóò mú yín dé àgbègbè yìí tí kò ní kọ́kọ́ na ìka sí afárá ọkọ̀ náà kí ó tó na ìka sí ilé. Àwọn ilé tí wọ́n sì ń tà níbẹ̀ pọ̀ ní irú: pẹtẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí baba kan kọ́ nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jà sí lẹ́yìn ikú rẹ̀, ilé oníyàrá ojú-kojú tí a ti sọ di fúláàtì, àti èyí tí ẹnì kan rà ní ẹ̀dínwó ní ọdún tó kọjá, tí ó fi síìlìn POP àti táìsì dídán sí, tí ó sì ń tà á padà ní ìlọ́po méjì. Títún ilé ṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n mo máa ń fura sí ilé tí ògiri kan ṣoṣo nínú rẹ̀ jẹ́ tuntun, tàbí èyí tí a lẹ táìsì mọ́ ìdí ògiri ìta títí dé orókún, nítorí pé ibi tí omi ilẹ̀ ti máa ń gun ògiri gan-an nìyẹn.

Ohun tí ó ń ṣe ilé lórí irú ilẹ̀ báyìí kò ṣòro láti yé ènìyàn. Kò sí ilé tí kì í rì díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti kọ́ ọ, bí ó bá sì rì lọ́gbọọgba, kò sí ewu púpọ̀ níbẹ̀. Ewu dé nígbà tí apá kan bá rì ju èkejì lọ, nítorí pé ògiri kò mọ bí a ti ń tẹ̀, yóò ya ni. Yíya náà kì í sì í ṣe bákan náà, nítorí pé èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun ní ojú ìrẹ́lé nìkan lè jẹ́ ti sìmẹ́ńtì tí oòrùn tètè mú gbẹ, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, tí ó gba ìdábùú gòkè, tí ó ń fẹ̀ bí ó ti ń lọ, tí ó sì hàn nínú ilé àti ní ìta ní ojú kan náà, ọ̀dọ̀ ìpìlẹ̀ ni ó ti wá. Ilẹ̀kùn tí kì í dé mọ́, fèrèsé tí ó há, ilẹ̀ yàrá tí bọ́ọ̀lù ọmọdé ń yí lọ sí igun kan ṣoṣo lórí rẹ̀ láìsí ẹni tí ó tì í, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ti irin inú kọnkéré yàtọ̀. Yanrìn tí a wà láti inú ọ̀sà tí a kò fọ iyọ̀ kúrò lára rẹ̀ a máa jẹ irin níkọ̀kọ̀, irin tí ìpáàrà bá sì ti mú a máa wú ju bí ó ti wà lọ, a ti kọnkéré tí ó bò ó dànù. Ìdí nìyẹn tí abẹ́ báákónì àwọn ilé àtijọ́ fi ń bó, tí egungun pupa sì ń yọ jáde níbẹ̀ ṣáájú ibi gbogbo. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ilé ṣe ń ṣe sí, kí ó kọ́kọ́ lọ wo abẹ́ báákónì, kì í ṣe pálọ̀.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o: òwe yìí kì í ṣe àwàdà ní Èkó, níbi tí àwọn kan nínú àwọn tí ń ta búlọ́ọ̀kù ti máa ń na àpò sìmẹ́ńtì kan títí ohun tí ó jáde yóò fi jẹ́ èyí tí ọmọdé lè fi èékánná họ. Orílẹ̀-èdè wa ní ìlànà lórí agbára búlọ́ọ̀kù, NIS 87 ni a ń pè é, ṣùgbọ́n ìrẹ́lé a máa bo búlọ́ọ̀kù, ọ̀dà a sì máa bo ìrẹ́lé. Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, lójú tèmi, ni ilé tí ó tún ń ga lẹ́yìn tí a ti kọ́ ọ tán. Baba kọ́ ilé ilẹ̀ ní 1978, ó wa ìpìlẹ̀ tí ó tó ilé ilẹ̀. Ọmọ gbé òkè kan lé e ní 1996 nítorí pé ayálégbé pọ̀. Ọmọ-ọmọ gbé òmíràn lé e, ó tún gbé tánkì omi ńláńlá lé gbogbo rẹ̀ lórí, kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí ó béèrè lọ́wọ́ ìpìlẹ̀ bóyá ó gbà. Irú ilé yìí lè má ní àléébù kankan tí ojú lè rí títí di ọjọ́ tí yóò fi ní in. Ọ̀nà kan tí a lè gbà mọ̀ ọ́n ni kí a fi iye àjà tí ó wà nínú àwòrán ilé tí ìjọba fi òǹtẹ̀ lù wé iye tí ó dúró lójú wa.

Mi ò fẹ́ fi ikú dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, àmọ́ a kò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí kí a má dárúkọ àwọn ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta 2019, pẹtẹ́ẹ̀sì kan tí ilé ẹ̀kọ́ ọmọdé wà ní òkè rẹ̀ wó ní Ìta Fàájì ní Erékùṣù Èkó, nǹkan bí ogún ènìyàn ni ó kú, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé ìwé. Ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù karùn-ún 2022, ilé alájà mẹ́ta wó ní Òpópónà Ìbàdàn ní Èbúté-Mẹ́ta, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aládùúgbò Ìgànmú, ènìyàn mẹ́wàá ni ó sì bá a lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni ti Òpópónà Gerrard ní Ìkòyí, níbi tí ilé alájà mọ́kànlélógún tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ti wó ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá 2021, tí àwọn tí ó kú sì lé ní ogójì. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà ni ìwé kan jáde sí gbangba, èyí tí àwọn ẹnjiníà tí ń rí sí agbára ilé náà ti kọ sí olùkọ́lé ní 2020, pé àwọn yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà, àti pé kìkì àwọn àjà ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni àwọn lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Irú ìwé yẹn gan-an ni ó yẹ kí ẹni tí ó fẹ́ ra ilé máa wá kiri: ta ni ẹnjiníà ilé yìí, ṣé òun ni ó bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí rẹ̀, bí kò bá sì ṣe òun ni ó parí rẹ̀, kí ni ó fà á?

Ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ kan wà lọ́tọ̀ tí kò ju pé kí ènìyàn máa bá olùrà wo ilé kí ó tó sanwó lọ. Láti 1976 ni àwọn oníṣẹ́ náà ti ní ẹgbẹ́ tiwọn, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀ ni kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é láìgba ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn sọ́féyọ̀ tí ẹgbẹ́ wọn ti wà láti 1868 ni ń ṣe é, àwọn ọmọ wa tí ó ti ra ilé ní Peckham yóò sì jẹ́rìí pé owó tí a san fún wọn kì í dunni tó owó tí wọ́n gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, a kò ya iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà ni àwọn oníṣẹ́ mélòó kan tí ìmọ̀ wọn pa ààlà pọ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ olùrà sì ti ń ṣi ẹsẹ̀ gbé nìyí, nítorí pé wọ́n gbọ́ sọ́féyọ̀, wọ́n rò pé ọ̀kan ni gbogbo wọn.

Sọ́féyọ̀ tí ń wọn ilẹ̀, tí ń gbin òkúta ààlà, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ SURCON, òun ni yóò sọ fún yín bóyá ilẹ̀ tí wọ́n fi hàn yín ni ó wà nínú ìwé, àti bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, ọ̀rọ̀ tí kò kéré ní Ìgànmú, níbi tí Ìjọba Àpapọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìdílé Ọjọ́ra ti ní ìtàn gígùn pọ̀ lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń wó lọ lójú rẹ̀, kò sí nínú iṣẹ́ rẹ̀ láti wí i. Sọ́féyọ̀ tí ń díwọ̀n iye tí ilé tó, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ NIESV ti wà láti 1969, tí òfin 1975 sì dá ìgbìmọ̀ ESVARBON sílẹ̀ láti máa ṣàkóso iṣẹ́ rẹ̀, mọ ọjà ilé, ó sì lè rí àléébù tí ó hàn sójú. Òun náà ni báńkì máa ń rán bí ẹ bá fẹ́ yá owó, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé báńkì ń béèrè iye tí ilé náà yóò mú wá bí ẹ kò bá lè san gbèsè, kò béèrè bóyá yóò wó lé yín lórí. Àwọn kọ́lékọ́lé tí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CORBON mọ bí a ti ń kọ́ ilé láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pẹtẹ́ẹ̀sì, pàápàá lórí irú ilẹ̀ tí mo ti ṣàpèjúwe rẹ̀ yìí, ẹnjiníà agbára ilé ni mo máa fi ṣe olórí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé COREN, ìgbìmọ̀ tí òfin dá sílẹ̀ ní 1970; òun ni ó mọ ìṣirò ẹrù tí òpó gbé àti èyí tí ilẹ̀ lè gbà. Ó lè pe oníwáyà àti púlọ́ńbà mọ́ra bí ó bá rí i pé ó yẹ.

Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tí ejẹ́ńtì bá bá yín pè wá, tí ó ní "Alájì, ẹ má ṣèyọnu, a ní ẹnjiníà tiwa," òun kọ́ ni ẹni tí ẹ ń wá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọlọ́gbọ́n bí Ọ̀rúnmìlà, nítorí pé gẹ́gẹ́ bí àṣà ọjà ilé ní Èkó, ìdá kan nínú owó ilé ni ejẹ́ńtì ń jẹ, ilé tí kò bá sì tà kò ní ìdá kankan nínú. Kọntirátọ̀ tí ó kọ́ ilé náà kò lè ṣe adájọ́ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ìjọba tí ó ní òun yóò bá yín wò ó ní ìkọ̀kọ̀ lọ́jọ́ Sátidé kò ní lè fọwọ́ sí ohunkóhun fún yín lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀gbọ́n yín tí ó jẹ́ bíríkìlà ńkọ́? Ọkàn rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì lè mú ju ti ọ̀pọ̀ oníwèé lọ, ẹ mú un dání, kí ó bá yín fi hámà kan ògiri. Ṣùgbọ́n kò sí òǹtẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó bá sì ṣì í, ẹjọ́ ẹbí ni yóò dà. Ẹnì kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í tètè fura sí: ẹni tí ó wo ilé, tí ó rí àléébù mẹ́wàá, tí ó sì sọ iye tí òun yóò gbà láti tún mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣe. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹni tí yóò wo ilé fún yín, owó wíwò nìkan ni kí ó ti mọ̀ pé òun yóò jẹ nínú ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ sì ti san án kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ ó ra ilé tàbí ẹ kò ní rà á.

Bí ẹ bá ti rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ báyìí, ẹ béèrè nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé ìgbìmọ̀ tí ó ń darí iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi wádìí lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀, kì í ṣe lára káàdì tí ó fi hàn yín, nítorí pé ní ìlú tí a ti lè ṣe òǹtẹ̀ ẹnikẹ́ni kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́, káàdì kì í ṣe ẹ̀rí. Ojúlówó oníṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Ẹni tí ó bá bínú ti ràn yín lọ́wọ́. Ẹ ní kí ó fi ìwé àbọ̀ wíwò ilé kan tí ó ti ṣe rí hàn yín, kí ó fi nǹkan bo orúkọ olówó rẹ̀, kí ẹ wá kà á: bí ó bá jẹ́ ojú ìwé kan ṣoṣo tí ó ní "ilé dára, ó ṣe é rà", ẹ ti mọ irú èyí tí ẹ ó gbà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè bóyá ó ti wo ilé lórí àbàtà rí, ní Ìgànmú, ní Ìjọrà, ní Ajégúnlẹ̀. Ẹni tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ti orí òkè líle ní Abẹ́òkúta lè mọ̀wé dáadáa, kí ó má sì mọ bí omi ti ń hùwà lábẹ́ ilé.

Ní ti ọjọ́ tí ẹ ó lọ, bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ dúró de òjò. Oṣù kẹfà àti ìkeje, nígbà tí ọ̀run bá ti da omi sílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, ni ilé Ìgànmú ń sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀. Gọ́tà a kún, kanáàlì a kún, ìlà dúdú tí omi fi sílẹ̀ ní ọdún tó kọjá lára ògiri aládùúgbò tí kò kun ọ̀dà a sì fi hàn yín ibi tí omi ń dé. Bí ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ bá kọ̀ láti gbé omi lọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe páìpù ni ó dí, omi ilẹ̀ ni ó ti kún inú sókáwè, yóò sì máa rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún. Omi bòhólù náà kò yọ sílẹ̀: àwọn onímọ̀ ìlera máa ń fẹ́ kí nǹkan bí 30 mítà wà láàrin omi mímu àti sókáwè, ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀tì Èkó tí kò ju 60 ẹsẹ̀ bàtà ní 120 lọ ṣòro láti gba irú àyè bẹ́ẹ̀, ti aládùúgbò sì tún wà ní ẹ̀yìn ọgbà. Ẹ bu omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Ẹ bá àwọn ayálégbé sọ̀rọ̀, ẹ bá ìyá tí ń ta àkàrà ní ẹnu géètì sọ̀rọ̀. Mo gbẹ́kẹ̀ lé ìyá aláàkàrà yìí ju ìwé pẹlẹbẹ oníṣẹ́ ìpolówó lọ, nítorí pé òun ni ó mọ ìgbà tí omi wọlé, ìgbà tí àwọn kan wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí ara ògiri, àti ọjọ́ tí onílé fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́.

Ẹ bá ẹnjiníà náà rìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gun òrùlé. Àyẹ̀wò ojú ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ojú kì í sì í wọ inú kọnkéré. Nítorí náà, bí ó bá fura sí òpó tàbí dẹ́kìn, yóò ní kí a gbé irin iṣẹ́ kan wá tí a ń tẹ̀ mọ́ kọnkéré, tí ó ń ta padà, tí iye tí ó ta padà sì ń fi líle rẹ̀ hàn, tàbí èyí tí ń wá ibi tí irin wà láìfọ́ ògiri. Ìjọba Èkó ní ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò ohun èlò ìkọ́lé fún irú èyí, àwọn aládàáni náà sì wà. Bí ó bá rí ògiri tí ó ya, tí kò dá a lójú bóyá ó ṣì ń ya lọ, yóò lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ojú rẹ̀, yóò kọ déètì sí i, ẹ ó sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gíláàsì tí ó bá ṣẹ́ ti dáhùn. Èyí ń fẹ́ sùúrù, sùúrù sì ni àwọn tí ń ta ilé kì í fẹ́ kí olùrà ní.

Ohun tí yóò wá gbé lé yín lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwé, pẹ̀lú àwòrán, déètì, orúkọ, nọ́ńbà àti òǹtẹ̀ rẹ̀, kí ó sọ ohun tí ó rí, kí ó sì sọ ibi tí kò lè rí pẹ̀lú. Ìtàn kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi ìdí èyí hàn. Obìnrin kan ra ilé kékeré kan ní ìlú Norwich. Sọ́féyọ̀ tí ilé ayánilówó rán wá wò ó sọ pé kò sí àtúnṣe pàtàkì kankan tí ó ń fẹ́. Ó rí i pé wọ́n ti wó apá ìsàlẹ̀ ògiri ibi ìdáná kúrò nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò gun òkè àjà láti lọ wo ohun tí ó gbé apá òkè ró. Kò sí ohun tí ó gbé e ró. Lẹ́yìn oṣù méjìdínlógún, òpó èéfín já gba òrùlé, ó sì bọ́ sínú yàrá ìbùsùn. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ níbẹ̀, ní 1989 sì ni àwọn adájọ́ sọ pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ ilé ayánilówó ni ó gba sọ́féyọ̀ síṣẹ́, ó jẹ obìnrin náà ní gbèsè àfiyèsí, nítorí pé ó mọ̀ pé yóò gbára lé ọ̀rọ̀ òun. Àwọn tí ó fọwọ́ sí nǹkan ni ó rọrùn láti pè lẹ́jọ́ báyìí.

Nígbà tí ìwé náà bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ gbé e fún lọ́yà yín kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni yóò fi wé ìwé àṣẹ ìkọ́lé tí ó ti ọ́fíìsì LASPPPA jáde, tí yóò sì béèrè lọ́dọ̀ LASBCA, àjọ tí ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Èkó, bóyá ilé náà ní ìwé pé ó yẹ fún gbígbé, tàbí ó wà lára àwọn tí wọ́n ti sàmì sí. Àléébù tí ó ṣeé tún ṣe yóò di ẹ̀dínwó. Báákónì tí ó ń bó, òrùlé tí ó ń jò, wáyà tí ó ti gbó, gbogbo rẹ̀ ni ó ní iye, ẹnjiníà yín yóò sì bá yín ṣírò rẹ̀. Ti ìpìlẹ̀ yàtọ̀, nítorí pé owó tí a fi ń gbé ilé tí ó ti rì dúró lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ilé náà fúnra rẹ̀. Bí olùtà bá sì ní òun kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kan ògiri òun wò, nítorí pé oníbàárà mìíràn ti ń ka owó lọ́wọ́ ní Orílé, ẹ jẹ́ kí oníbàárà náà rà á.